Àìsàn Ráńpẹ́ Ilé Adétúnjí

Ní Emùré-Èkìtì, bí ọmọ bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, tí àwọn òbí fẹ́ mọ irú ilé tí ọmọ wọn fẹ́ wọ̀, ọ̀dọ̀ Àǹtí Bámijókò Adétúnjí ni wọ́n ń gbà lọ. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ náà ló dùn mọ́ ọn. Ó ṣe akọ̀wé ní kánsù fún ọdún márùndínlógójì kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí àdúgbò kan láti Emùré dé Ìṣẹ̀, láti Ìṣẹ̀ dé Ìkẹ́rẹ́, tí kò ní ojúlùmọ̀ níbẹ̀. Bó bá gun ọ̀kadà lọ láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, á ti kó ìtàn ìran mẹ́rin bọ̀ wálé.

Ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé kì í dé ilé àwọn tó ń wádìí rárá. Ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gààrí ládùúgbò wọn ló ń lọ. Á kí wọn kú iṣẹ́, á fa àpótí kan jókòó, á mú ọ̀bẹ, á sì bá wọn bẹ ẹ̀gẹ́. Obìnrin tó bá ń bẹ ẹ̀gẹ́ kì í pa ẹnu mọ́. Kí apẹ̀rẹ̀ kan tó kún, wọ́n á ti sọ fún un ẹni tó ní wárápá, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ẹni tí ìyàwó kì í pẹ́ kú mọ́ lọ́wọ́. Àdéhùn ìgbéyàwó tó ti ẹnu rẹ̀ túká lé ní mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Ìgè, tíṣà kan ní Ìṣẹ̀, tí àbúrò bàbá rẹ̀ ní wárápá. Bámijókò ròyìn fún àwọn òbí ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, wọ́n sì dá Ìgè dúró. Ó kó lọ sí Èkó, títí dòní kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà yẹn, Bámijókò ní òun gba ọmọ ọlọ́mọ là ni.

Kò sẹ́ni tó rò ó pé ẹni tó ń tú ẹrù onílé yìí ní ẹrù tirẹ̀ tó dì pa sí kọ̀rọ̀ yàrá.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Kókó kan ló yọ lọ́mú ìyá náà, kókó náà dégbò, egbò náà kò sì jinná. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, bàbá wọn pe òun àti Adéjọkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, sínú yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ibà ló pa ìyá yín. Ẹnikẹ́ni tó bá bi yín, ibà. Ẹ̀yin méjèèjì ṣì ń bọ̀ wá lọ́kọ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà á, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń sọ ọ́.

Ọdún 1992 ni kókó yọ lọ́mú Adéjọkẹ́ náà. Bámijókò ló tọ́jú rẹ̀. Omi iyọ̀ ló fi ń fọ egbò náà láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń sun ewé efinrin kí òórùn má bàa jáde dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé kejì. Wọ́n rán Ọpẹ́yẹmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Adéjọkẹ́ bí, lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan ní Ìṣẹ̀ kó má bàa rí nǹkan kan. Adéjọkẹ́ kú lẹ́yìn ọdún méjì, ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Bámijókò fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé ètò ìsìnkú. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé arábìnrin náà sùn nínú Olúwa lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Ọdún méjì gbáko ni àìsàn ráńpẹ́ náà fi jẹ ẹ́.

Ọpẹ́yẹmí jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Bámijókò, tí ọmọkùnrin nìkan ni Ọlọ́run fún un, mú un sọ́dọ̀, ó sì tọ́ ọ dàgbà bí ẹni tọ́ ẹyin. Ọmọ náà mọ ìwé, pàápàá ìṣirò. "Màmá" ló ń pè é. Nígbà tó bi í pé kí ló pa ìyá òun, Bámijókò ní ibà ni.

Ìgbà tí Akínlolú Fámúyìwá láti Ìkẹ́rẹ́ ní òun fẹ́ fẹ́ Ọpẹ́yẹmí, ìdílé rẹ̀ rán olùwádìí wá sí Emùré. Ọjọ́ tí wọ́n dé ni Bámijókò ti dá wọn mọ̀. Obìnrin méjì tí wọ́n ní àwọn ń wá epo pupa rà, tí wọn kò wo epo lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni wọ́n fẹ́ tàn? Ó gún iyán fún wọn, ó bu ẹran igbó sí i, ó sì jẹ́ kí wọ́n bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ bèèrè. Ibà, ibà, ibà. Wọ́n yó, wọ́n sì lọ ròyìn rere. Ọdún 2006 ni ìgbéyàwó náà wáyé. Ọdún kejì ni wọ́n bí Ìmọ́lẹ̀olúwa, ọmọbìnrin tó jọ Adéjọkẹ́ bí ẹni pé òun ló bí i.

Ṣé ẹ rí i, tó bá mọ síbẹ̀, a ó sọ pé irọ́ àwọn àgbà ni, irú èyí tó wà ní gbogbo agbo ilé. Kò mọ síbẹ̀.

Lọ́dún 2018, ìyá Akínlolú, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Fámúyìwá, pe Bámijókò, àna rẹ̀, sí ọ̀sẹ̀ àwọn ìyá ní ìjọ wọn nísàlẹ̀ òkè Olósùnta. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn olùwádìí kan wá láti yunifásítì, wọ́n gbé tábìlì sí gbọ̀ngàn ìjọ. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Favour ló dìde bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, gbogbo wa la ní ìwé kan nínú ara. Bàbá ẹni kọ ìlàjì, ìyá ẹni kọ ìlàjì. Jíìnì la ń pe àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ kan máa ń ní àṣìkọ, àṣìkọ yẹn sì lè jẹ́ kí jẹjẹrẹ ọmú mú obìnrin láìtọ́jọ́. Àwọn òyìnbó ti ka ìwé tiwọn dáadáa, wọ́n ti ń fi ṣe oògùn. Tiwa ni wọn ò tíì kà tó. Ìdí tí a fi wá nìyẹn. Ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá ti ṣe nínú ìdílé rẹ̀, ìwé tirẹ̀ la ó kọ́kọ́ kà. Bí a bá rí àṣìkọ náà, a ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a ó máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún, kí kókó kankan tó yọ."

Bámijókò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì yé e. Ọ̀rọ̀ náà dà bí iṣẹ́ tirẹ̀, ìwádìí ilé ni, àfi pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ bi. Orúkọ Ọpẹ́yẹmí wá sí i lọ́kàn lójú ẹsẹ̀.

Orí bẹ́ńṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí, òun àti Màmá Fámúyìwá, itan kan itan. Níwájú wọn ni ìyá kan wà tó ń jẹ́ Bùnmi, ọmọ ìlú Kọ̀tà tí wọ́n fẹ́ sí Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí Favour bi Bùnmi léèrè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá òun, àti àbúrò ìyá òun, jẹjẹrẹ ọmú ló pa àwọn méjèèjì. Kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Àwọn ará bẹ́ńṣì ń wo ojú ara wọn. Bámijókò wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì fi ilé náà sínú: ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ibẹ̀, òun ti mọ ohun tí òun ó sọ.

Ó wá kàn án.

"Mà, ṣé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín ní irú àìsàn ọmú bẹ́ẹ̀ rí? Ìyá yín, ẹ̀gbọ́n yín?"

Itan Màmá Fámúyìwá gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Bámijókò ní, "Kò sí."

"Kò sí rárá, Mà?"

"Ilé tiwa kì í ṣe ilé àìsàn."

Favour kọ ọ́ sílẹ̀, ó yíjú sí Màmá Fámúyìwá. Òun náà ní kò sí. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì tu itọ́ tí wọ́n lè fi ka ìwé ara náà sínú ìgò kékeré kan, wọ́n sì ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà tó ń na ọmọ nítorí itọ́ títú. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ ìrẹsì, àna rẹ̀ sìn ín dé ibi ọkọ̀ Emùré. Bámijókò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Oorun yẹn wà lára ohun tí kò lè dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀ dòní.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ọpẹ́yẹmí ti bí ọmọ kẹta, ó ń fún un lọ́mú, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìṣẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan ó pe Bámijókò lórí fóònù. Lẹ́yìn tí wọ́n kíra tán, ó ní, "Màmá, wàrà dì sí mi lọ́mú òsì. Ó le díẹ̀."

 Bámijókò jókòó sórí ibùsùn. Èyí ni àyè kejì tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un, nítorí kò sí ẹnìkejì lókè ilẹ̀ tó mọ ohun tí òun mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, á sọ irọ́ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ tó tọ́ á sì mọ̀ pé òun tàn án láti kékeré. Ó ní, "Fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Á yọ́." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ààwẹ̀ dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí omi gbígbóná kò ṣe é, Ọpẹ́yẹmí lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Wọ́n bi í bóyá irú rẹ̀ ti ṣe nínú ìdílé rí. Ó ní kò sí, ibà ló pa ìyá òun. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, nítorí ohun tó mọ̀ nìyẹn. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó má fòyà. Bí oṣù mẹ́sàn-án ṣe lọ nìyẹn. Nígbà tó fi dé ilé ìwòsàn ńlá, kókó ti wọ abíyá.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, Dókítà Olúwaṣògo, gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n lè ka jíìnì rẹ̀. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí èsì tó dé. Ó wá ní kí Ọpẹ́yẹmí mú àgbàlagbà kan wá láti ìdílé ìyá rẹ̀. Ta ni àgbàlagbà ọ̀hún, tí kì í bá ṣe Bámijókò?

Wọ́n jókòó síwájú dókítà. Ó tẹ́ ìwé funfun kan sórí tábìlì, ó ní òun fẹ́ ya ìdílé náà. Roboto ni obìnrin, onígun mẹ́rin ni ọkùnrin. Ó ya roboto kan fún Ọpẹ́yẹmí, ó fi bírò kùn ún ní dúdú. Ó fa ìlà lọ sókè, ó ya òmíràn. Ó ní, "Mà, àṣìkọ tí a rí yìí, ó jogún rẹ̀ ni. Ó lè wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ó lè wá láti ọ̀dọ̀ ìyá. Kí ló pa ìyá rẹ̀?"

Bírò náà dúró lókè ìwé. Bámijókò wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó fi fọ egbò Adéjọkẹ́. Ó ní, "Ọmú ni." Ó ní, "Ìyá tiwa náà, ọmú ni." Dókítà kun roboto kejì, ó kun ẹ̀kẹta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò tẹ̀léra wálẹ̀ lórí ìwé.

Ọpẹ́yẹmí kò pariwo. Ó wo ìwé náà títí. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, lọ́jọ́ tí mo ní wàrà dì, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo fura."

"Ẹ sì ní kí n fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́."

 Ìtìjú bá Bámijókò, ó wù ú kí ilẹ̀ lanu. Bí wọ́n ṣe ń jáde, wọ́n pàdé ọ̀dọ́bìnrin kan tó lóyún lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Ìyá náà ni Bùnmi ọmọ Kọ̀tà. Ó kí wọn tayọ̀tayọ̀, ó ní ọmọ òun wá fún àyẹ̀wò ọdọọdún. Lẹ́yìn ọjọ́ gbọ̀ngàn ìjọ yẹn ni wọ́n pe àwọn, wọ́n rí ohun kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ lára ọmọ náà, wọ́n sì yọ ọ́. Bámijókò ní a dúpẹ́. 

Ní ibùdókọ̀, Ọpẹ́yẹmí di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú fún un. Ó ní, "Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Màmá. Èébì máa ń gbé yín nínú ọkọ̀." Ó kúkú sàn kó bú òun. Bámijókò sunkún láti ibẹ̀ dé Emùré, ó ń wo ìta kí ọmọ náà má bàa rí i.

Oògùn oníhóró kan wà tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ní irú jíìnì bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i rà, ó sì ṣiṣẹ́. Ọpẹ́yẹmí padà sí kíláàsì, ó sanra díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Oṣù mọ́kànlá ni. Lẹ́yìn náà àìsàn náà wọ eegun. Dókítà Olúwaṣògo pe Bámijókò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Oògùn náà kì í ṣe irọ́, Mà. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ti pẹ́." Wọ́n máa ń sọ pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Bámijókò, ẹni tó rí àìsàn ní ilé gbogbo ayé, èyí tó wà nílé rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n wò.

Ọpẹ́yẹmí kú nínú ọyẹ́ ọdún 2025. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èyí tí wọ́n gé yìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n jókòó láti kọ ìwé ètò ìsìnkú, Bàbá Samuel, olórí ẹbí, ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́: lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Bámijókò gba bírò, ó fa ìlà sí i nínú. Ó kọ ọ́ pé jẹjẹrẹ ọmú ni, èyí tó pa ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀.

Bàbá Samuel bínú. Ó ní, "Bámijókò, ṣé o fẹ́ kí wọ́n má fẹ́ ọmọ wa mọ́ ni?"

Ó ní, "Wọ́n fẹ́ Ọpẹ́yẹmí, Bàbá. Òun dà?"

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe kọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta ìsìnkú, Màmá Fámúyìwá wá sí Emùré, ìwé ètò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bámijókò ti ń retí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, àgbà bíi tirẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, àna mi. Mo parọ́ fún yín. Lọ́jọ́ gbọ̀ngàn ìjọ, nítorí yín ni mo ṣe ní kò sí. Mo ní tí ẹ bá gbọ́, ẹ ó lé Ọpẹ́yẹmí kúrò nílé yín."

Màmá Fámúyìwá kò fà á dìde. Òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ méjì ló ti bí fún wa lọ́jọ́ yẹn. Ta ni ì bá lé e? Èmi ni ì bá gbé e lọ sílé ìwòsàn." Ó tẹ́ ìwé náà sórí itan, ó ń fi àtàǹpàkò nu ún. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó kú ní Ìkẹ́rẹ́, tí a ní ojú oorun ló gbà lọ, ọmú ni. Ìyá bàbá mi náà, ọmú ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo wò yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní olùwádìí Emùré nìyí, ẹni tó tú ìgbéyàwó Ìgè ká nítorí wárápá àbúrò bàbá. Bí mo bá la ẹnu, á wá kó ọmọ rẹ̀ lọ."

 Adìẹ kan wọlé, ó tún jáde. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni Bámijókò rántí ohun tí dókítà sọ, pé ó lè wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ó lè wá láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ó wo Màmá Fámúyìwá, ó sì rí i pé òun náà ti rántí. Ìmọ́lẹ̀olúwa, tó ti ilé méjèèjì wá, wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ abọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀.

Wọ́n pe ọmọ náà wọlé, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìwé ara òun. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn olùwádìí yunifásítì náà. Àwọn àgbà jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọmọ wà láàárín. Nọ́ọ̀sì Favour ló jáde sí wọn. Ó ti sanra díẹ̀, kò sì dá wọn mọ̀. Ó tẹ orúkọ wọn sínú kọ̀ǹpútà, ó sì dúró.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ ti wà lọ́dọ̀ wa láti ọdún 2018. Itọ́ yín ṣì wà nípamọ́, a kò kà á. Ohun tí a kọ sí ẹ̀yin méjèèjì ni pé kò sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?"

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Bámijókò ní, "Pa á rẹ́, ọmọ mi. Tún un kọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá rẹ̀, ó dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Ó dárúkọ Adéjọkẹ́. Favour ní kó rọra, kí òun lè bá a. Ó dárúkọ Ọpẹ́yẹmí, ó sì dúró síbẹ̀, nítorí nínú gbogbo orúkọ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, èyí ni kò yẹ kó sí níbẹ̀.